Bóréènì láti ìpìlẹ̀: bí a ṣe ń ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, bí a ṣe ń lò ó nínú láàbù, àti ibi tó wúlò sí

Ẹ mú bírò, kí ẹ ya mólékù B₂H₆ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní iléèwé: ìlà kan láàrin átọ́ọ̀mù méjì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á tán lọ́wọ́ yín kí ìlà tó pé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sá fún bóréènì. Wọ́n á há orúkọ mélòó kan sórí nítorí ìdánwò, ó sì tán. Ó máa ń dùn mí, torí pé ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n dì mú: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò tó bórọ́ọ̀nù. Òun ló fà á tí àwòrán bóréènì fi rí bákan. Òun ló fà á tó fi ń gbiná nínú afẹ́fẹ́, òun náà ló sì fà á tó fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bá mi rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó lè sọ ìrísí bóréènì tí ẹ kò rí rí, ẹ ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó wà lọ́wọ́ bórọ́ọ̀nù

Bóréènì ni à ń pe àwọn ohun tí bórọ́ọ̀nù àti háídírójìn para pọ̀ di. Bórọ́ọ̀nù ló wà ní ipò karùn-ún nínú tábìlì àwọn èròjà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta péré ló sì ní níta tó lè fi ṣe ìdè. Tó bá so mọ́ háídírójìn mẹ́ta, ó di BH₃, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà á sì yí i ká. Mẹ́jọ ló ń tẹ́ kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn lọ́rùn. Àyè kan ṣófo gbáà lára BH₃, ebi sì ń pa á.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. BH₃ kì í dá dúró. Bí kò bá rí mólékù mìíràn tó lè ta á lọ́rẹ, BH₃ méjì á dì mọ́ra wọn, wọ́n á di B₂H₆, ìyẹn dàíbóréènì. Gáàsì tí kò ní àwọ̀ ni, ó ń hó ní -92.5 °C.

Ẹ wá kà á. Bórọ́ọ̀nù méjì mú mẹ́fà wá, háídírójìn mẹ́fà mú mẹ́fà wá: méjìlá. Ẹtéènì, C₂H₆, tó jọ ọ́ lójú ìwé, ní mẹ́rìnlá, ó sì fi wọ́n ṣe ìdè méje tó mọ́ tónítóní. Méjìlá kò lè ṣe ìdè méje. Alfred Stock bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bóréènì ní Jámánì ní 1912, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Nítorí pé àwọn gáàsì wọ̀nyí ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn wọ́n, ó fi gíláàsì kọ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ kankan kò lè wọ̀, ó sì ń fi mẹ́kúrì dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Mẹ́kúrì yẹn ló pa á lára, débi pé òun fúnra rẹ̀ ló wá ń kìlọ̀ fáyé nípa májèlé inú rẹ̀. Síbẹ̀, bí B₂H₆ ṣe rí gan-an kò yé àwọn èèyàn nígbà náà. Ní 1943 ni H. C. Longuet-Higgins, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, àti olùkọ́ rẹ̀ R. P. Bell gbé àwòrán afárá jáde. Ní 1951, wíwọn mólékù náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ni.

Àwòrán náà nìyí. Háídírójìn mẹ́rin wà ní ìta, méjì lára bórọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdè tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ ti lọ síbẹ̀. Mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Háídírójìn méjì tó kù dúró láàrin bórọ́ọ̀nù méjèèjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí afárá. Afárá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré, bẹ́ẹ̀ átọ́ọ̀mù mẹ́ta ló ń so pọ̀. Ẹ wò ó bí ẹni mẹ́ta tó ń fi aṣọ ìbora kan ṣoṣo sùn: ó bò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bò wọ́n dáadáa. Ó sì hàn nínú gígùn ìdè. Ìdè ti ìta gùn ní 119 pm (píkómítà), ti afárá gùn ní 133 pm. Afárá yìí ni ibi tó rọ̀ jù lára mólékù náà, ibẹ̀ ni nǹkan mìíràn ti ń já a.

Orúkọ kò le. Iye bórọ́ọ̀nù ló máa ń ṣáájú, iye háídírójìn á wà nínú àmì àkámọ́: B₅H₉ ni pentaborane(9), B₁₀H₁₄ ni decaborane(14). Nọ́ńbà inú àkámọ́ ṣe pàtàkì, torí B₅H₁₁ náà wà, nǹkan ọ̀tọ̀ sì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi kíkà mọ ìrísí

Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ má fò ó.

Bóréènì tó tóbi máa ń ṣù pọ̀ bí àgò, bórọ́ọ̀nù kan ní igun kọ̀ọ̀kan. William Lipscomb gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí àgò wọ̀nyí ṣe rí àti ohun tó so wọ́n ró. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wa ní ọ̀nà ìṣirò tí ẹ lè fi ẹ̀yìn àpò ìwé ṣe ni Kenneth Wade, ní 1971. Bí a ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ ka bórọ́ọ̀nù, kí ẹ pè é ní n. Bórọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní háídírójìn kan tó yọ síta. Ìdè yẹn ti jẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, torí náà B–H kọ̀ọ̀kan ní méjì péré láti fi sílẹ̀ fún egungun àgò. Háídírójìn yòókù, tí kò sí nínú B–H wọ̀nyẹn, ń mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá. Bó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn mólékù tó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kún tirẹ̀, àmì òdì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ń mú ẹyọ kan wá. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì-méjì. Ẹ jẹ́ ká pe méjì kọ̀ọ̀kan ní ìdì kan.

Bí iye ìdì bá jẹ́ n+1, àgò náà dé pátápátá, orúkọ rẹ̀ ni closo. Bó bá jẹ́ n+2, igun kan ti yọ kúrò lára àgò, ó yanu sílẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ: nido. Bó bá jẹ́ n+3, igun méjì ló yọ, ó sì ṣí sílẹ̀ bí àwọ̀n aláǹtakùn: arachno. Àgò tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí igun rẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí iye ìdì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe B₅H₉. B–H márùn-ún mú mẹ́wàá wá. Háídírójìn mẹ́sàn-án ló wà, a ti lo márùn-ún, ó ku mẹ́rin: wọ́n mú mẹ́rin wá. Mẹ́rìnlá, ìdì méje. n jẹ́ 5, méje sì jẹ́ 5+2. Nido ni. Ìdì méje túmọ̀ sí àgò onígun mẹ́fà, èyí tó ní ojú mẹ́jọ. Ẹ yọ igun kan: ohun tó kù ni òkìtì tí ìdí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, bórọ́ọ̀nù kan ní ṣóńṣó, mẹ́rin nísàlẹ̀. Háídírójìn mẹ́rin tó ṣẹ́ kù jókòó sí etí ẹnu àgò tó yanu, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ afárá láàrin bórọ́ọ̀nù méjì. Bí mólékù náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ wá gbé méjì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. B₆H₆²⁻: méjìlá látinú B–H, méjì látinú àmì òdì, mẹ́rìnlá, ìdì méje. B₄H₁₀: mẹ́jọ látinú B–H, mẹ́fà látinú háídírójìn tó kù, mẹ́rìnlá, ìdì méje. Ẹ rí i? Ìdílé kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú àgò onígun mẹ́fà kan náà ni wọ́n ti jáde. Ọ̀kan dé pátápátá, ọ̀kan pàdánù igun kan, ìkẹta pàdánù méjì, ó sì rí bí labalábá tó na ìyẹ́. Ìgbà tí èyí kọ́kọ́ yé mi, mo ṣe ìṣirò gbogbo bóréènì tó wà nínú ìwé tó wà níwájú mi ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan.

B₁₀H₁₄, ẹ ṣe é fúnra yín kí ẹ tó kà síwájú. Ogún àti mẹ́rin, ìdì méjìlá, nido, látinú àgò onígun mọ́kànlá.

Kíkà yìí tún ń sọ ìwà mólékù fún yín. Àgò tó dé pátápátá bíi B₁₂H₁₂²⁻ kì í gbiná nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé inú omi láìbàjẹ́. B₅H₉ tí ẹnu rẹ̀ ṣí ń gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí nido tàbí arachno, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ gbayawu.

Kí ẹ tó ṣí ìgò kankan

Dàíbóréènì ń gbiná nínú afẹ́fẹ́, ó ń jó pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ìwọ̀n tí òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà fún odindi ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ 0.1 ppm, ìyẹn ìdá 0.1 nínú mílíọ̀nù kan. Ti B₅H₉ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: 0.005 ppm, torí ọpọlọ àti iṣan ara ló ń bá jà. Ẹ má gbọ́kàn lé imú yín. Kí imú tó gbọ́ òórùn dàíbóréènì, ó ti kọjá ìwọ̀n tó léwu.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dàíbóréènì fúnra yín. Kò sí ìdí fún un fún ẹni tó kàn fẹ́ BH₃ lò. Ẹ ra èyí tí ebi rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ti so mọ́ mólékù tó ń ta á lọ́rẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tàbí èyí tí kábọ́ọ̀nù ti gbà mọ́ra. Mẹ́ta ni mo máa ń dábàá. BH₃·THF ni ó wọ́pọ̀ jù, 1 mol nínú lítà kan; THF ni olómi tetrahydrofuran, tí mólékù rẹ̀ jẹ́ òrùka. Ó mọ́, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n inú fìríìjì ni kí ó máa gbé, láàrin 0 sí 5 °C, torí pé tó bá gbóná, BH₃ á bẹ̀rẹ̀ sí já òrùka THF tó gbé e dání, agbára rẹ̀ á dín, gáàsì sì lè kó jọ sínú ìgò. BH₃·SMe₂ (SMe₂ ni dimethyl sulfide) lágbára ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì ń pẹ́ láìbàjẹ́, àmọ́ òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìkẹta ni 9-BBN: bórọ́ọ̀nù tí òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ gbà mọ́ra, tí B–H kan ṣoṣo kù lára rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí àyè sì gbà á, kí ó fi 9-BBN bẹ̀rẹ̀.

Ìgò BH₃·THF tó ti pẹ́, ẹ dán an wò kí ẹ tó lò ó. BH₃ kọ̀ọ̀kan tó bá pàdé omi ń tú háídírójìn mẹ́ta sílẹ̀ bíi gáàsì H₂. Nítorí náà, 1 mL tó ṣì pé 1 mol lítà kan yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 72 mL gáàsì ní 20 °C. Bí ẹ bá rí 50, ẹ ti mọ ohun tó kù nínú ìgò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi BH₃ sọ álíkíìnì di álíkọ́ọ̀lù

Herbert C. Brown àti B. C. Subba Rao ló rí ọ̀nà yìí ní 1956. Ní 1936, nígbà tí Brown gboyè, Sarah, tó wá di ìyàwó rẹ̀, fún un ní ìwé kan tí Stock kọ nípa bóréènì. Ó rà á ní dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 6 torí òun ló pọ́ọ́kú jù nínú ìsọ̀ náà. Brown gba Nobel ní 1979, òun àti Georg Wittig.

Álíkíìnì ní ìdè méjì láàrin kábọ́ọ̀nù méjì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì pọ̀ níbẹ̀. Bórọ́ọ̀nù tí ebi ń pa rí oúnjẹ. Ó so mọ́ kábọ́ọ̀nù tí kò há, èyí tó wà ní ìparí, háídírójìn sì lọ sára kábọ́ọ̀nù kejì. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, H₂O₂ pẹ̀lú NaOH á yọ bórọ́ọ̀nù, á sì fi OH sí ipò rẹ̀ gan-an. Ásíìdì àti omi máa ń fi OH sí kábọ́ọ̀nù tó há. Ọ̀nà Brown ń fi í sí òdì kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú 1-hexene, 30 mmol, ìyẹn nǹkan bíi 2.5 g. BH₃ kan lè ṣe álíkíìnì mẹ́ta, nítorí náà 10 mmol ló tó: 10 mL BH₃·THF. Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìgò ojú, pẹ̀lú ẹni tó ti ṣe é rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ gbẹ ìgò gíláàsì nínú ààrò, kí ẹ jẹ́ kó tutù lábẹ́ náítírójìn. Omi díẹ̀ tó bá kù lára ògiri ìgò á jẹ nínú BH₃ yín. Ẹ da álíkíìnì àti THF gbígbẹ sí i, ẹ gbé e sínú yìnyín títí yóò fi di 0 °C. Ẹ fi síríńjì fa BH₃·THF, kí ẹ máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má kánjú: ooru ló ń jáde, bí ẹ bá sì dà á lẹ́ẹ̀kan náà, yóò hó. Nígbà tó bá tán, ẹ yọ yìnyín, kí ẹ jẹ́ kó máa yí fún wákàtí kan ní ìgbóná yàrá.

Ẹ gbé e padà sínú yìnyín. Ẹ kán omi sí i, ẹyọ kan péré, kí ẹ dúró wò ó. Bí BH₃ bá ṣẹ́ kù, ẹ ó rí i: fọ́ọ́mù kéékèèké á ru sókè láti ibi tí omi balẹ̀, ojú rẹ̀ á máa ta pàràpàrà. H₂ nìyẹn. Ẹ má kán èkejì títí ti àkọ́kọ́ yóò fi dákẹ́. Ibí ni àwọn tó ń kánjú ti ń rí ìjàǹbá. Ẹ rí i pé gáàsì ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde, kí iná má sì sí nítòsí.

NaOH ló kàn, 3.3 mL ti 3 mol lítà kan. Lẹ́yìn náà H₂O₂ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, 3.5 mL, ní kíkán, kí ìgbóná má kọjá 50 °C. NaOH ni kó ṣáájú H₂O₂, ẹ má yí i po. Ẹ mú un gbóná ní 50 °C fún wákàtí kan kí iṣẹ́ lè parí. Ẹ da K₂CO₃ sí i títí omi yóò fi pínyà, kí ẹ fi ether fa álíkọ́ọ̀lù jáde. Kí ẹ tó gbẹ olómi kúrò, ẹ fi sódíọ́ọ̀mù súlífáìtì pa H₂O₂ tó kù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bébà ìdánwò. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ láé.

Ohun tí ẹ ó rí ni 1-hexanol, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún, 2-hexanol á jẹ́ ìyókù. Bí 6 yẹn bá pọ̀ jù fún yín, 9-BBN ló yẹ kí ẹ lò: ara rẹ̀ tóbi, kò lè wọ ibi tó há, ó ń dín àṣìṣe náà kù sí kékeré tó ṣòro láti rí.

Ebi àti àyó: BH₃ pẹ̀lú NaBH₄

Wọ́n máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra torí pé méjèèjì ń fi háídírójìn tọrẹ. NaBH₄ (sodium borohydride) ti yó, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló yí bórọ́ọ̀nù rẹ̀ ká, nítorí náà ó ń wá ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò tó: aldehyde àti ketone. BH₃ ń wá ibi tí ó pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí BH₃ fi ń sọ ásíìdì kábọ́ksílíìkì di álíkọ́ọ̀lù kíákíá, tó sì ń fi ester sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ NaBH₄ nìkan kì í lè ṣe ásíìdì náà. Fún ásíìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka BH₃ kan: háídírójìn kan á di gáàsì, méjì á ṣe iṣẹ́.

Níta láàbù

Ní ìgbà 1950 sí 1959, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fi bóréènì ṣe epo bàálù, torí pé ooru inú rẹ̀ pọ̀ ju ti epo lásán lọ. Wọ́n pa á tì. Májèlé rẹ̀ pọ̀, B₂O₃ tó sì ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn jíjó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí dàíbóréènì ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà: sílíkọ́ọ̀nù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin níta, bórọ́ọ̀nù ní mẹ́ta, nítorí náà gbogbo bórọ́ọ̀nù tó bá wọ inú sílíkọ́ọ̀nù ń fi àyè òfìfo kan sílẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Àìtó yẹn náà ló tún ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

H₃N·BH₃, ìyẹn BH₃ tí àmóníà ta lọ́rẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí ìdá 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ jẹ́ háídírójìn, ti fa ọ̀pọ̀ mọ́ra fún títọ́jú háídírójìn. Kò ṣòro láti tú háídírójìn náà sílẹ̀. Dídá a padà sínú rẹ̀ ló le, níbẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti jẹjẹrẹ. Nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún bórọ́ọ̀nù ayé jẹ́ bórọ́ọ̀nù-10. Tí níútírọ́ọ̀nù tó rọra ń lọ bá kàn án, ó ń fọ́ sí hílíọ́ọ̀mù àti lítíọ́ọ̀mù, àwọn méjèèjì sì ń dúró láàrin nǹkan bí 5 sí 9 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú sẹ́ẹ̀lì kan. Bí bórọ́ọ̀nù bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń jìyà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí ohun púpọ̀. G. L. Locher dá èrò náà ní 1936. Ní 1968, dókítà Hatanaka bẹ̀rẹ̀ sí fi Na₂B₁₂H₁₁SH wo àwọn tó ní kókó nínú ọpọlọ ní Japan. Ẹ ka mólékù yẹn bí a ṣe kà á lókè, kí ẹ ka SH bíi háídírójìn kan: mẹ́rìnlélógún àti méjì, ìdì mẹ́tàlá, closo. Àgò tó dé pátápátá, bórọ́ọ̀nù méjìlá nínú mólékù kan, tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìgbiná. Oògùn tí Japan fọwọ́ sí ní 2020 fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn kì í ṣe bóréènì, bórọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbé e mì nítorí pé ó jọ oúnjẹ wọn. Àwọn tó ń so àgò bórọ́ọ̀nù méjìlá mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.